Ẹni Tí Yóò Máa Fa Omi Lẹ́yìn Mi

Èmi tí gbogbo èbúté ń pè ní Ìyá Onígarawa, opó Kápútẹ́nì, ìyá Òpó àti Ọwọ́-Epo, tí mo fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí olórí ẹ̀ka ìwọ̀n ooru òkun ní iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́, ni mo kọ ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé. Ojú mi ṣì ń ka ìlà ara tẹmómítà láìlo awò. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà eyín tó jẹ́ ẹlẹ́rìí mi, nítorí mo ka gbogbo ìwé ẹ̀rí tó gbé kọ́ sára ògiri rẹ̀ láti orí àga tó ti ń yọ eyín mi, títí dé orúkọ ẹni tó tẹ̀ wọ́n. Ẹnikẹ́ni kò fi agbára mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn mí. Bí mo bá ti kọ ìwé ìhágún kankan ṣáájú èyí, mo pa á rẹ́.

Mo yan ènìyàn méjì láti mójú tó ìwé yìí: Agbẹjọ́rò tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ilé ìfìwéránṣẹ́, àti Olùtọ́jú iná èbúté. Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kà á sókè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi, kí fèrèsé tó kọjú sí omi wà ní ṣíṣí. Agbẹjọ́rò, mo mọ̀ pé ẹ ti kìlọ̀ fún mi pé ìwé ìhágún kì í ṣe ibi ìtàn, pé kí n kọ ohun ìní, kí n kọ ẹni tó ni ín, kí n fọwọ́ sí i, ó parí. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti rí tẹmómítà olówó iyebíye kan tí ọmọ olóògbé ń fi ro kọfí, nítorí pé ẹni tó fi í sílẹ̀ fún un kò sọ ohun tó wà fún. Mi ò ní jẹ́ kí ti èmi rí bẹ́ẹ̀.

Kí n sọ ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kí ẹ lè fara balẹ̀. Láràárọ̀, láti ìgbà tí mo ti wà ní omidan, ẹnìkan ti ń fa omi òkun lórí afárá igi tó na wọ inú omi lẹ́yìn ilé yìí, tó ń wọn bó ṣe gbóná tó, tó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye rẹ̀ sára pátákó tó wà níbẹ̀ kí àwọn apẹja lè rí i. Ìwọ̀n náà kò já rí. Ilé ló ni afárá, ẹni tó bá sì ni ilé ni yóò sọ bóyá omi yóò wá sókè lọ́la tàbí kò ní wá. Òpó, àkọ́bí mi, ayàwòrán-ilé, ti sọ fún ayé gbọ́ pé òun yóò wó ilé yìí, òun yóò fi òtẹ́ẹ̀lì rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà mo mọ ohun tí ẹ jókòó dè. Ìparí ni mo fi ilé sí. Ẹ mú sùúrù, mo ti ń mú un láti ọjọ́ pípẹ́.

ÌKÍNNÍ. Mo fi garawa aṣọ ìgbòkun, èyí tí ìdí rẹ̀ jẹ́ igi, sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́. Kí wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì ní ẹnu ọ̀nà, ní ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun yóò ti rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọn. Kí wọ́n má fi ọ̀dà kùn ún. Kí wọ́n má rán ibi tó ti ya.

Ẹ máa gbọ́ pé garawa yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́, òun náà ló sì dá a padà fún mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, òun ni gbogbo wa ń lò. A ó jù ú sómi, a ó fà á sókè, a ó ti tẹmómítà bọ inú rẹ̀, a ó dúró díẹ̀, a ó kà á. Ó rọrùn. Ṣùgbọ́n aṣọ tí omi ti rin tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lára máa ń tutù sí i. Ẹni tó bá ti jáde látinú omi tí afẹ́fẹ́ sì bà á mọ ohun tí mò ń sọ: omi ń gbẹ lára, ó sì ń kó ooru lọ. Bẹ́ẹ̀ ni garawa náà rí. Kí ó tó dé ọwọ́ wa lókè, omi inú rẹ̀ ti tutù díẹ̀ ju òkun tí a ti fà á lọ. A kò mọ̀. Ọdún lórí ọdún, a ń kọ òkun sílẹ̀ bí ẹni pé ó tutù ju bó ṣe rí lọ.

Nígbà tó yá, iléeṣẹ́ kó garawa rọ́bà wá, èyí tó nípọn, tí afẹ́fẹ́ kò lè rí mú. Láti ọjọ́ náà ni ìwọ̀n wa ti fò sókè. Èmi náà, tí mo ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé òkun tó yí erékùṣù yìí ká ń móoru, mo rí i, inú mi dùn, mo ní ẹ wò ó, ẹ̀rí dé. Ẹnìkan ló dìde nínú àpérò tó bi mí bóyá òkun ló yí padà àbí garawa. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.  Ẹ óò pàdé ẹni náà níwájú.

Mo padà sílé, mo gbé garawa aṣọ sọ̀ kalẹ̀ lára ìṣó. Láti ọjọ́ kejì, méjì ni mò ń fà: aṣọ ní ọwọ́ òsì, rọ́bà ní ọwọ́ ọ̀tún, nínú omi kan náà, ní wákàtí kan náà. Mo fà wọ́n nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gbígbẹ, mo fà wọ́n nígbà tí òjò ń bọ̀ tí afẹ́fẹ́ rọ̀. Mo fà wọ́n nínú oyún Òpó, mo fà wọ́n nínú oyún Ọwọ́-Epo. Àwọn ará òpópónà ní obìnrin yìí fẹ́ fi garawa wọn òkun gbẹ. Ọwọ́-Epo fúnra rẹ̀, nígbà tó gbọ́n tó láti fi mí ṣẹ̀fẹ̀, máa ń sọ fún àlejò pé garawa aṣọ ni àkọ́bí Ìyá, garawa rọ́bà ni ìkejì, Òpó ni ìkẹta, òun àbíkẹ́yìn kàn ń jẹ àjẹkù ìfẹ́ ni.

Ohun tí mo rí nìyí, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ tó sì le, ìyàtọ̀ àárín garawa méjèèjì á pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin tó sì dákẹ́, ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá mọ irú afẹ́fẹ́ tó fẹ́ lọ́jọ́ kan lè mọ iye ooru tí aṣọ jí lọ lọ́jọ́ náà, kí ó sì dá a padà. Mo dá gbogbo rẹ̀ padà, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Nígbà tí mo ṣe tán, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ooru tí mo ti ń pariwo rẹ̀ pòórá. Garawa ló ni ín. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé e kúrò. Ṣùgbọ́n ìdá méjì tó kù dúró gbọnyin. Ó dín díẹ̀ ní dígírì kan. Òkun ló ni ìyẹn, kò sì sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mi ò tíì mọ adùn kan láyé tó tó adùn ọjọ́ náà, mo sì ti bímọ méjì.

ÌKEJÌ. Mo fi odídẹrẹ́ mi sílẹ̀, pẹ̀lú àgò rẹ̀, ife omi rẹ̀ àti aṣọ dúdú tí à ń fi bò ó, fún Ọ̀gá Ó-kù-díẹ̀-káàtó, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní ilé alájà méjì tó kọjú sí ilé ìkàwé.

Òun ni ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ garawa. Ẹ kò ní bá orúkọ ìnagijẹ yìí nínú ìwé ìjọba kankan, ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ohunkóhun tí o bá gbé síwájú rẹ̀, á yí i wò síhìn-ín, á yí i wò sọ́hùn-ún, á wá ní ó kù díẹ̀ káàtó. Nígbà tí a jọ wà ní yunifásítì, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Kí n má purọ́ nínú ìwé tí mo fẹ́ fọwọ́ sí: èmi náà fẹ́ ẹ. Mo se ọbẹ̀ fún un lọ́jọ́ Sátidé kan, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ṣíbí sílẹ̀, ó sì sọ ohun tó máa ń sọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin atukọ̀ kan wá gbé ẹrù ní èbúté, ó jẹ ìyókù ọbẹ̀ kan náà, ó ní ṣé mo lè bu sí i. Atukọ̀ náà ni bàbá yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti bù sí i fún wọn títí wọ́n fi lọ.

Odídẹrẹ́ yìí gbọ́ bí mo ṣe ń fi ohùn Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ilé ìdáná, ó sì gbà á sẹ́nu. Láràárọ̀, bí mo bá ti gbé garawa wọlé, ẹyẹ náà á ní ó kù díẹ̀ káàtó. Mo máa ń bú u. Ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ pé kò sí ìgbà tó sọ ọ́ tí mi ò padà lọ wo iṣẹ́ mi lẹ́ẹ̀kan sí i.

Nígbà tí mo gbé ìwọ̀n garawa méjèèjì lọ sí àpérò, Ọ̀gá jókòó síwájú pátápátá. Ó bi mí léèrè afẹ́fẹ́, mo dáhùn. Ó bi mí bóyá mo dúró nínú òòrùn tàbí lábẹ́ ibòòji, mo dáhùn. Ó bi mí bí omi ṣe pẹ́ tó nínú garawa kí n tó kà á, mo fi hàn án. Ó bi mí ní ohun tí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni yóò béèrè: bóyá garawa aṣọ tó ti gbó ń jí ooru ju tuntun lọ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìdí rèé tí mo fi ní kí aránṣọ rán òmíràn, tí mo sì ń pààrọ̀ wọn.  Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì dìde. Ó ní: «Ó tó.» Ọ̀rọ̀ méjì péré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó wà lẹ́yìn wo ara wọn bí ẹni tó rí i tí òrùlé ń sọ̀rọ̀, gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n. Ó tẹ̀ síwájú, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì sọ sí mi létí pé ọbẹ̀ yẹn náà dára, òun ló gọ̀.

Odídẹrẹ́ kò tíì mọ ọ̀rọ̀ kejì. Ọ̀gá, ẹ kọ́ ọ.

ÌKẸTA. Mo fi ọkọ̀ ojú omi bàbá yín, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ méjèèjì, ilé iṣẹ́ tó wà ní ẹ̀bá èbúté àti gbogbo irinṣẹ́ inú rẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin mi, Ọwọ́-Epo, mẹkáníìkì. Bákan náà ni mo fi òrùka ìgbéyàwó mi sílẹ̀ fún un. Mo mọ̀ pé kò ní wọ̀ ọ́, nítorí òrùka máa ń há sínú ẹ́ńjìnnì. Kí ó so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́.

Ọmọ mi, àwọn ènìyàn rò pé ìwọ ni mo fẹ́ fi ilé fún, nítorí ìwọ ló ń dúró tì mí lórí afárá láti kékeré. Èmi àti ìwọ ti sọ ọ́ ní àsọyé. O ní òkun wà lára rẹ, ṣùgbọ́n o fẹ́ kí ó máa rìn lábẹ́ rẹ ni, kì í ṣe kí o dúró sójú kan máa wọ̀n ọ́n. O sọ ọ́ láìfi bò, mo sì yọ̀ mọ́ ọ. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ fún mi pé omi òkun tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù kò tutù tó bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, kí n tó fi ìwọ̀n mi hàn ọ́. Lọ, ọkọ̀ ń dúró dè ọ́.

ÌKẸRIN. Mo fi gbogbo àwòrán ìwọ̀n, àwọn máàpù, àti kọ̀ǹpútà mi sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lò wọ́n lò wọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi àmì-ẹ̀yẹ wúrà tí ìjọba fún mi sílẹ̀ fún oníbúrẹ́dì ìkóríta. (Òun ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n Agbẹjọ́rò ní ẹni tó bá máa gba nǹkan nínú ìwé yìí kò gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i. Mo sọ fún oníbúrẹ́dì kí ó yan ọ̀kan. Ó ní òfin ní eyín, ṣùgbọ́n àmì-ẹ̀yẹ kò ní, kò lè bu òun jẹ, òun yóò gba àmì-ẹ̀yẹ.)

Ìdí tó fi jẹ́ tirẹ̀ nìyí. Bí ojú òkun bá ṣe gbóná tó ni omi tó ń gòkè lọ sínú afẹ́fẹ́ ṣe ń pọ̀ tó. Afẹ́fẹ́ á gbé e wá sórí erékùṣù, òkè tó wà láàárín yóò tì í lọ sókè, á tutù, á sì di òjò. Kì í ṣe omi wa nìkan ló ń pinnu rẹ̀. Lọ́dún mìíràn, omi gbígbóná tó wà ní òdìkejì òkun ńlá á ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, afẹ́fẹ́ á yí ọ̀nà padà, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà òkun tiwa náà á gba ooru náà sára. Nítorí náà, bí afárá igi mi bá ń wọn ooru tó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí òdìkejì òkun náà sì ti ṣí, òjò tó ń bọ̀ kì í ṣe eré. Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀ pé ó ju ti àtẹ̀yìnwá lọ bí kò bá sí ẹni tó wọn àtẹ̀yìnwá. Gbogbo agbára ìwọ̀n wa nìyẹn: pé kò já.

Ní ẹ̀ẹ̀rùn ọdún kan, ó ju gbogbo ohun tí mo ti rí lọ. Àwọn òkúta iyùn tó wà ní ẹ̀yìn erékùṣù, níbi tí òkè ti dí afẹ́fẹ́ lọ́wọ́, funfun bí egungun nítorí ooru omi. Mo lọ bá àwọn aláṣẹ, mo ní kí wọ́n kó àwọn ará àfonífojì kúrò kí òjò tó dé. Wọ́n ní ìbẹ̀rù lásán ni. Mo jókòó sí ọ́fíìsì wọn títí wọ́n fi ní wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn, mo ní kí wọ́n tì í mọ́ mi. Wọ́n fọwọ́ sí i. Oníbúrẹ́dì ló gbé ọkọ̀ búrẹ́dì rẹ̀ yípo gbogbo ojúlé, tó ń fọn fèrè, tó ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ búrẹ́dì lọ́la kí ó wá jẹ ẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ tó wà lórí òkè, òfo ni òun yóò tà nísàlẹ̀. Àwọn kan tẹ̀ lé e nítorí èmi, àwọn púpọ̀ sì tẹ̀ lé e nítorí búrẹ́dì. Nígbà tí òjò dé, omi gbé ilé lọ ní àfonífojì, ó gbé afárá òkúta lọ, ó gbé ọjà lọ. Kò gbé ènìyàn kankan. Kò gbé ẹyọ ènìyàn kan. Mo tún un kọ nítorí pé ó wù mí láti tún un kọ.

ÌKARÙN-ÚN. Ọ̀rọ̀ gbèsè. Kò sí ẹni tó jẹ mí lówó, èmi náà kò sì jẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbèsè kan wà tí Òpó jẹ mí. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ ẹ́, àti bó ṣe san án láìmọ̀ pé mo mọ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá yín, Òpó ní kí n jẹ́ kí a ta ilé, kí n wá máa gbé pẹ̀lú òun nígboro. Mo ní ta ni yóò fa omi. Ó ní ẹ̀rọ pupa tó ń léfòó nínú omi ń wọ̀n ọ́n, sátẹ́láìtì ń wọ̀n ọ́n láti òkè, kí ló kù tí ìyá arúgbó kan ń ṣe pẹ̀lú okùn. Mo ṣàlàyé fún un pé ìjì ti fa ẹ̀rọ pupa náà já lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹ̀gbin òkun máa ń bò ó tí kò fi ń sọ òótọ́, pé sátẹ́láìtì kì í ríran kọjá ìkùukùu, pé awọ omi lásán ló sì ń rí. Bí àwọn méjèèjì bá ń jiyàn, garawa ni wọ́n ń pè wá dájọ́. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní: «Ìyá, iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́ ni.» Ojú àbúrò rẹ̀ ló ti sọ ọ́, àti ojú Olùtọ́jú iná. Mo ní títí ó fi máa kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ, kí ó má bá mi sọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì mọ́. Láti ọjọ́ náà, a ń kí ara wa bí ẹni tó pàdé ní báǹkì.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí mi sì dá. Wọ́n gbé mi kọjá omi lọ sí ilé ìwòsàn ìlú kejì. Ọwọ́-Epo wà lórí òkun, ó ń gbé ọkọ̀ kan lọ sí ibi jíjìn. Eékún Olùtọ́jú iná kò jẹ́ kí ó lè sọ̀ kalẹ̀ dé afárá. Mo dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn náà, mo sì sunkún, kì í ṣe nítorí egungun. Mo ní ó ti já. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, ó ti já.

Nígbà tí wọ́n gbé mi padà, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sórí afárá kí n tó wọlé. Ṣọ́ọ̀kì tuntun wà lára pátákó. Ìwọ̀n òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Olùtọ́jú iná ní òun ti ń fi awò ìwòréré ka iye tó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, òun sì ń fi í ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́, òun rò pé Ọwọ́-Epo ni. Ọwọ́-Epo dé, ó ní òun kọ́. Mo bi gbogbo ènìyàn léèrè àfi Òpó, nítorí Òpó ti sọ fún wa pé ìgboro ni òun wà ní gbogbo àsìkò náà, pé òun ń bójú tó àwọn tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé oníbàárà òun.

Mo ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo fi ìwọ̀n àsìkò náà sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀rọ pupa, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ mọ́ nígbà náà. Ọjọ́ gbogbo, láìyẹ̀, ìwọ̀n orí afárá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dígírì ga ju ti ẹ̀rọ lọ. Ti èmi kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀. Ara gíláàsì tẹmómítà ni wọ́n fín àwọn ìlà rẹ̀ sí, omi tó ń gòkè nínú ihò rẹ̀ tóóró sì wà lẹ́yìn ìlà. Ẹni tó bá fẹ́ kà á dáadáa gbọ́dọ̀ mú ojú rẹ̀ bá ibi tí omi náà dé. Bí ó bá dúró lókè tó ń wò ó nísàlẹ̀, ìlà tó ga jù ú lọ díẹ̀ ni yóò bọ́ sí i lójú. Ẹni tó fa omi yẹn ga, kò sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó kà á. Ènìyàn kan ṣoṣo ló wà nínú ìdílé wa tó máa ń fi orí gbá àtẹ́rígbà gbogbo ilé tó bá wọ̀, tí kò sì tíì kọ́ láti tẹ̀ ba. A kò dédé pè é ní Òpó.

Ṣùgbọ́n èmi kì í gba ẹ̀rí ẹyọ kan. Tẹmómítà òkun àtijọ́ kan wà tí mo fi kọ́ ògiri ilé ìdáná. Nígbà tí Òpó wá kí mi, mo ní kí ó bá mi kà á, pé ojú ń dùn mí. Irọ́ ni, ẹ padà wo ìbẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ó dúró gbọnrangandan, ó kà á. Ó jókòó tán kí n tó dìde lọ kà á. Ìdá kan nínú mẹ́wàá. Odídẹrẹ́ ní ó kù díẹ̀ káàtó. Èmi ní lọ́kàn mi pé rárá o, lónìí ó tó, ó sì ṣẹ́ kù.

Mi ò sọ fún un. Bí mo bá sọ fún un, yóò ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ kùtùkùtù, kí oorun tó dá lójú ẹnikẹ́ni, ọmọ mi fi táìsì ilẹ̀ sílẹ̀, ó gba ọkọ̀ wá sí èbúté, ó fa omi tí ó ní iṣẹ́ ẹni tí kò níṣẹ́ ni, ó kọ ọ́ sára pátákó, ó sì padà sígboro láti lọ máa bínú sí mi. Lójoojúmọ́. Ó ti san gbèsè. Mo ti yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá náà kúrò nínú ìwọ̀n àsìkò yẹn, mo sì kọ sí i pé òǹkàwé náà ga.

ÌKẸFÀ ÀTI ÌGBẸ̀YÌN. Mo fi ilé mi tó wà ní èbúté, òkè àti ìsàlẹ̀, ọgbà, afárá igi, pátákó, tẹmómítà méjèèjì àti garawa rọ́bà pẹ̀lú okùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àkọ́bí mi, Òpó.

Òpó, bí ẹnu bá yà ọ́, pa á dé. Mi ò ní kí o má kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Wó ilé bí o bá fẹ́ wó o. Ìwọ lo mọ ilé, ara òrùlé yìí sì ti ń jò láti ìgbà ayé bàbá yín. Kọ́ ọ kí ó ga dáadáa, kí ìwọ náà lè kọjá lẹ́nu ọ̀nà kan láyé rẹ láìfi orí gbá a. Àwọn àlejò rẹ á jí láàárọ̀, wọn á gba fèrèsé rí ọkùnrin gíga kan tó ń fa garawa lórí afárá, wọn á béèrè ohun tó ń ṣe. Ṣàlàyé fún wọn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Má bínú bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín. Mo ti ṣe é, kò pa mí.

Ohun méjì ni mo bẹ̀ ọ́ sí. Kí o má sún afárá kúrò ní ibi tó wà. Àti pé, ọmọ mi, kí o tó kà á, jọ̀wọ́, bẹ̀rẹ̀.

Mo fọwọ́ sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara mi, ní yàrá ìsàlẹ̀, fèrèsé wà ní ṣíṣí:

Ìyá Onígarawa

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ní ọdún kẹrìnlélógójì tí a ti ń fa omi lórí afárá yìí. Ìwọ̀n òwúrọ̀ òní: dígírì méjìdínlọ́gbọ̀n àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Mo bẹ̀rẹ̀ kí n tó kà á, ìbàdí ìbáà jẹ́ ìbàdí.

Àwa ẹlẹ́rìí méjèèjì wà níbẹ̀ nígbà tó fọwọ́ sí i, ó sì rí wa nígbà tí àwa náà fọwọ́ sí i:

Dókítà eyín, ti ojúlé tó kángun sí ọ̀nà èbúté. (Òótọ́ ni pé ó ka àwọn ìwé ẹ̀rí mi. Ó tún bá mi rí àṣìṣe kan nínú ọ̀kan.)

Aránṣọ, ti ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ iléeṣẹ́ ojú-ọjọ́, ẹni tó rán garawa aṣọ kejì.